Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀: ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí nípa tẹ́rápì, àti ìdáhùn mi

Láti ìgbà tí mo ti là á mọ́lẹ̀ pé mo ń lọ rí tẹ́rápísì, ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ tọ́jú ọkàn, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnìkan ò ní fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òmíràn á pè mí lálẹ́, lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ bá ti sùn. Òmíràn á ní ọ̀rẹ́ òun kan ló fẹ́ mọ̀. Ìbéèrè wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, ìdí nìyẹn tí mo fi kó wọn jọ síbí. Tíṣà ni mí, n kì í ṣe dókítà. Ohun tí ojú mi rí, ohun tí wọ́n kọ́ mi níbẹ̀ àti ohun tí mo ti kà ni mo ń sọ.

Kí ló gbé ẹ̀yin fúnra yín débẹ̀?

Àbúrò mi ọkùnrin ló kú. Ó gun ọ̀kadà jáde nílé láàárọ̀, kò sì padà wálé mọ́. Wọ́n ní èmi ni ẹ̀gbọ́n, kí n má sunkún níwájú ìyá wa, mo sì gbọ́ràn. Mo ṣètò ìsìnkú, mo gbàlejò, mo padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kẹjọ. Gbogbo ayé ń yìn mí pé mo gbójú.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ìbínú bẹ̀rẹ̀. Kò sí ohun tí kì í bí mi nínú: ariwo jẹnẹrétọ̀, ìró ẹnu ọkọ mi tó bá ń jẹun, ọmọ tó bá pẹ́ níbi tí mo rán an. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ń ro àmàlà lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 7, wá sọ pé òun ò rí ìwé ìṣirò òun mọ́. Mo ju orógùn mọ́ ògiri. Kò bà á. Àmọ́ àmàlà lẹ̀ mọ́ ògiri lókè orí rẹ̀, ó ń yọ́ bọ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ náà ò sunkún. Ó lọ mú àkísà, ó gun àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún, kò sì wojú mi. Bó ṣe ń nù ún bí ẹni tí iṣẹ́ náà ti mọ́ lára, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí.

Kí ni tẹ́rápì gan-an?

Ìtọ́jú tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ṣe ni. Ẹ̀yin àti ẹni tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ náà á jọ jókòó ní ọjọ́ tí ẹ jọ fẹnu kò sí, nǹkan bíi wákàtí kan, lọ́sẹ̀ tàbí lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Ẹ ó jọ wo ohun tó ń dà yín láàmú, bó ṣe ń ṣe yín, àti ohun tí ẹ lè máa ṣe nígbà tó bá tún dé.

Orúkọ àwọn tó ń ṣe é máa ń da èèyàn láàmú. Dókítà ọpọlọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, ó sì lè kọ oògùn fún yín. Sàíkọ́lọ́jísì kọ́ nípa ìrònú àti ìṣesí ọmọ ènìyàn ní yunifásítì, ọ̀rọ̀ ló fi ń tọ́jú, kì í kọ oògùn. Kọ́ńsẹ́lọ̀ náà ń fi ọ̀rọ̀ ṣe é, àmọ́ ẹ bi í léèrè ibi tó ti kọ́ṣẹ́, torí ẹnikẹ́ni lè gbé pátákó kọ́ sójúde pé kọ́ńsẹ́lọ̀ lòun.

Ṣé wèrè ni mí ni, tí màá fi lọ rí irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù nìyí, mo sì mọ ibi tó ti wá. Lọ́dọ̀ wa, bí wọ́n bá ní "Àrò ló yẹ ká gbé ẹ lọ" tàbí "Yábà Left", èébú ni. Ibi tí wọ́n ti ń wo aláìsàn sàn ti di ohun tí à ń fi bú ara wa.

Ìjọba amúnisìn ló ṣí ti Yábà ní 1907. Nígbà yẹn, ó jọ ibi tí wọ́n ń há èèyàn mọ́ ju ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ lọ, ẹ̀rù ibẹ̀ sì ti wọ àwọn baba ńlá wa lára. Ìtàn ti Àrò, ní Abẹ́òkúta, yàtọ̀ pátápátá, ó sì máa ń dùn mí pé àwọn ọmọ ìlú tó ni ín ò mọ̀ ọ́n. Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1954, lẹ́yìn tó ti kọ́ṣẹ́ ní Britain. Ilé ìwòsàn náà ò tíì parí. Dípò kó dúró, ó bá àwọn ará abúlé tó wà láyìíká sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n gba aláìsàn sílé. Ẹbí kan, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n, á bá aláìsàn wá, wọ́n á jọ máa gbé lábúlé. Láàárọ̀, á lọ gba ìtọ́jú. Tó bá ṣe, á padà sáàárín àwọn èèyàn, á jẹun pẹ̀lú wọn, á bá wọn ṣe iṣẹ́ ilé. Ó tún pe àwọn babaláwo àti oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ iṣẹ́ náà. Àwọn dókítà láti ilẹ̀ òkèèrè wá wo bó ṣe ń ṣe é, òun náà sì di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé nígbà tó yá. Ìmọ̀ tí ayé wá kọ́ lọ́dọ̀ wa ni à ń fi bú ara wa.

Ká tiẹ̀ wá mú un wálẹ̀: ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ fún oṣù mẹ́fà, ẹni tí kì í rí oorun sùn torí àníyàn, ẹni tí ìbínú ń bá a gbé, wèrè kọ́ ni wọ́n. Ohun tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo Ọlọ́ya ló ń ṣe. Ẹni tó bá sì ní àárùn ọpọlọ tó le náà, aláìsàn ni, kì í ṣe ẹni èébú. Ní oṣù kìíní 2023 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ ní Nàìjíríà, tó gba ipò òfin àtijọ́ tí àwọn òyìnbó fi lélẹ̀ fún "àwọn wèrè". Òfin tuntun náà sọ ọ́ pé aláìsàn ní ẹ̀tọ́, pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni yàn án jẹ.

Ṣé nǹkan òyìnbó kọ́ nìyí?

Ní Zimbabwe, àwọn Shona ní ọ̀rọ̀ kan, kufungisisa, tó túmọ̀ sí ríronú jù. Àwa náà ní in: "ìrònú ti pọ̀ jù fún un" là ń wí. Ní 2006, dókítà ọpọlọ kan níbẹ̀, Dixon Chibanda, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ìyá àgbà ní bí wọ́n ṣe lè gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí ìrònú ń bá jà. Wọ́n gbé bẹ́ǹṣì onígi síta ní kílíníìkì, ìyá àgbà kan, aláìsàn kan, wọ́n á jókòó. Ìyá ò ní wàásù, kò ní báni wí. Á ní kó dárúkọ gbogbo ìṣòro rẹ̀, kó mú ọ̀kan nínú wọn, kí àwọn méjèèjì jọ wá ọ̀nà àbáyọ sí ọ̀kan yẹn kó tó padà wá. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2016 fi hàn pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn yá ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyá àgbà lórí bẹ́ǹṣì: ta ló lè pe ìyẹn ní nǹkan òyìnbó?

Mo ní pásítọ̀, mo ní àfáà, mo ní ọ̀rẹ́. Kí ni màá tún lọ sọ fún àlejò?

Ẹ má fi wọ́n sílẹ̀. Èmi náà ò kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì mi, tẹ́rápísì mi ò sì fìgbà kan sọ pé kí n kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí àwọn tó fẹ́ràn wa máa ń sọ tí a bá ń ṣọ̀fọ̀: "Gba kámú." "Fi fún Ọlọ́run." "Ṣé ìwọ nìkan ni wọ́n kú fún ni?" Ìfẹ́ ló ń mú wọn sọ ọ́. Omijé wa ń dùn wọ́n, wọ́n sì fẹ́ kó tètè gbẹ. Àlejò tó kọ́ṣẹ́ yìí lè jókòó ti omijé náà láìwá bó ṣe máa dá a dúró. Bí ẹ bá sì lọ, kì í ṣe òun ni ẹ máa bá pàdé níbi ìnáwó lọ́la tí ẹ ó fi máa wo ilẹ̀.

Ohun kan wà tí n kò ní fi bò. Ibikíbi tí wọ́n bá ti ń de aláìsàn mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń nà án, tí wọ́n fi ebi pa á pé àwọn ń lé ẹ̀mí èṣù jáde, ẹ gbé èèyàn yín kúrò níbẹ̀. Ìyà ni, kì í ṣe ìtọ́jú, orúkọ yòówù kí wọ́n fi pè é.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé tèmi ti tó ohun tí wọ́n ń lọ sọ?

Ẹ wo bó ti pẹ́ tó àti ohun tó ti gbà lọ́wọ́ yín. Bí inú yín ò bá dùn lọ́pọ̀ ọjọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, tí ohun tí ẹ fẹ́ràn ò wù yín mọ́, tí oorun tàbí oúnjẹ yí padà, tí iṣẹ́ kò ṣeé ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀, ó ti tó. Bí ẹ bá ń mu ọtí kí ẹ tó lè sùn, ó ti tó. Bí àwọn ará ilé bá ti ń wo ojú yín kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, ó ti pẹ́ tó ti tó.

Lára la ti máa ń kọ́kọ́ rí i. Àyà ń já, orí ń gbóná, nǹkan ń rìn lára, àárẹ̀ tí oorun kì í lé lọ. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ fún dókítà. Ẹ má wá Gẹ̀ẹ́sì fún un. Kí wọ́n sì yẹ ara wò pẹ̀lú, torí ẹ̀jẹ̀ tí kò tó àti àìsàn ẹ̀yà ara inú ọrùn tó ń jẹ́ táírọ́ìdì lè ṣe èèyàn bíi kó rẹ̀wẹ̀sì.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí ẹ ń sunkún láìmọ ìdí, tàbí tí ọmọ náà ò wù yín gbé, ìyá burúkú kọ́ ni yín. Àìsàn kan wà tó ń tẹ̀lé ìbímọ, ó gbóògùn. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì níbi tí ẹ ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́?

Bí ó bá jẹ́ ilé ìwòsàn ìjọba, ẹ ó gba káàdì, ẹ ó sì dúró lórí ìlà, ó lè pẹ́. Lẹ́yìn náà, ìbéèrè ni: oorun, oúnjẹ, iṣẹ́, ilé, ọtí, bóyá ẹnìkan ti ní irú ẹ̀ rí nínú ẹbí, bóyá ó ti ń ṣe yín bíi kí ẹ kú. Wọ́n ń béèrè ìkẹyìn yẹn lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, ẹ má bínú sí i.

Ibi tí mo ti sunkún kì í ṣe ibi tí mo rò. Tẹ́rápísì mi ní, "Kí lorúkọ àbúrò yín?" Mo la ẹnu, orúkọ ò jáde. Oṣù mélòó kan ni ẹnikẹ́ni ò ti dá orúkọ náà níwájú mi, torí wọn ò fẹ́ kí n rántí. Bí ẹni pé mo ti gbàgbé ni.

Ṣé kò ní gbé ọ̀rọ̀ mi síta?

Àwọn àgbà ní ká fi inú wénú, iwọ là á jẹ, èmi náà sì ti jẹ iwọ rí lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Òfin iṣẹ́ wọn ni pé kí ọ̀rọ̀ yín má kúrò níbẹ̀. Ìgbà tó lè jáde ò pọ̀: bí ẹ bá fẹ́ pa ara yín, bí ẹ bá fẹ́ ṣe ẹlòmíràn léṣe, bí wọ́n bá ń fìyà jẹ ọmọdé, tàbí bí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an ló yẹ kó ṣàlàyé èyí. Bí kò bá ṣe é, ẹ bi í.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo rí kò dáa. Ó gbé fóònù lẹ́ẹ̀mẹta nígbà tí mo ń sọ̀rọ̀, ó wá ní ìwà ìgbéraga ló ń yọ mí lẹ́nu. Mo sunkún délé, ó sì tó oṣù méjì kí n tó tún gbìyànjú. Ẹ má ṣe bíi tèmi. Bí bàtà ò bá bá ẹsẹ̀ mu, ẹ wá òmíràn, kì í ṣe pé kí ẹ máa rìn lẹ́sẹ̀ lásán.

Kí ni wọ́n wá kọ́ yín nípa ìbínú?

Ibí ni n óò ti pẹ́ díẹ̀, torí ó ti yí ilé mi padà.

Ọ̀nà tí tẹ́rápísì mi ń lò jáde láti inú iṣẹ́ Aaron Beck, dókítà ọpọlọ ará Philadelphia, ní nǹkan bí ọdún 1960 sí 1970. Ó ṣàkíyèsí pé láàárín ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa àti bó ṣe ká wa lára, èrò kan máa ń sáré kọjá, a kì í sì í rí i. Bí ẹ bá rí èrò náà mú, ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òótọ́ ni.

Ó ní kí n ra ìwé kékeré, kí n fa ìlà sí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀. Èrò tó wá sí mi lọ́kàn. Bó ṣe ṣe mí lára. Ohun tí mo ṣe. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, òfìfo ni ibi èrò. Mo ní, "Ìbínú ṣáà ni." Kò jiyàn. Ó ní kí n máa kọ ọ́ lọ.

Lọ́sẹ̀ kẹta, mo rán àkọ́bí mi lọ ra iyọ̀ lọ́dọ̀ Ìyá Alátẹ, iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún, ó lo ogún. Ìgbà tó fi máa wọlé, ẹnu mi ti là láti pariwo. Mo rántí ìwé náà. Mo jókòó sórí ìjókòó kíṣìnì, mo kọ ọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀: ó pẹ́. Bó ṣe ṣe mí: àyà mi ń lù, ọwọ́ mi tutù. Èrò: "Ó ti kú."

Mo wo ohun tí mo kọ. Ìbínú kọ́ ló ti ń bá mi jà látọjọ́ yìí, ẹ̀rù ni. Ẹni tó bá jáde nílé mi, lójú mi, kò ní padà wálé. Mo pe ọmọ náà, mo ní, "Bó o ṣe pẹ́ yẹn, àyà mi já." Ó ní, "Ẹ má bínú, mọ́mì, ìyá náà ń wá ṣéńjì ni." Ó tán síbẹ̀.

Àwọn nǹkan kéékèèké náà wà. Bí inú bá ti ń ru, mo ń fa èémí sínú títí mo fi ka ení dé ẹẹ́rin, mo ń mí jáde títí dé ẹẹ́fà. Èémí tó jáde gùn ju èyí tó wọlé ló ń mú kí ọkàn rọra lù. Mo lè bu omi tútù bọ́jú. Mo lè kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ pé, "Inú ń bí mi, mò ń bọ̀," kí àwọn ọmọ má bàa rò pé mo kọ̀ wọ́n sílẹ̀. Lálẹ́ Sunday, mo ń fi ìdajì wákàtí wo fọ́tò àbúrò mi, mo ń sunkún tí ẹkún bá dé. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran.

Oògùn ńkọ́?

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló nílò rẹ̀. Èmi ò lò ó. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì bá dè mọ́lẹ̀ débi pé kò lè wẹ̀, kò lè jẹun, oògùn lè jẹ́ ohun tó máa gbé e dìde kó tó lè sọ̀rọ̀ rárá, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ bíi méjì sí mẹ́rin, nígbà mìíràn kó jù bẹ́ẹ̀. Ẹ má ra á fúnra yín ní kẹ́mísì, ẹ má sì dédé dá a dúró láìsọ fún dókítà.

Níbo ni mo lè lọ, èló sì ni?

Ilé ìwòsàn ọpọlọ wà ní Àrò àti ní Yábà. Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní UCH Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà, LASUTH ní Ìkẹjà, àti OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀. Owó ti ìjọba kì í sábà pọ̀ tó ti aládàáni. Kí ẹ tó lọ, ẹ pè láti béèrè iye káàdì, iye ìjókòó kan, àti bóyá ìjókòó gbogbo ló ń gba owó kan náà. Bí owó ò bá tó, ẹ sọ ọ́. Tèmi gbà kí n máa wá lọ́sẹ̀ méjì-méjì dípò ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá wà ní yunifásítì, ẹ béèrè ọ́fíìsì kọ́ńsẹ́lọ̀; ọ̀pọ̀ wọn ni akẹ́kọ̀ọ́ ò mọ̀ pé ó wà.

London ni mo wà, Gẹ̀ẹ́sì ò sì gbé ohun tó wà nínú mi.

Ní England, ẹni tó bá ti pé ọdún 18, tó sì ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP, dókítà àdúgbò, lè fi orúkọ ara rẹ̀ ránṣẹ́ tààrà sí NHS Talking Therapies, ètò tẹ́rápì ti ìjọba, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ ògbufọ̀ Yorùbá. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín ṣe ògbufọ̀ fún yín. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí kò yẹ kó gba ẹnu ọmọ kọjá. Fóònù àti fídíò tún ti jẹ́ kí ó ṣeé ṣe láti bá ẹni tó wà ní Ìbàdàn sọ̀rọ̀ láti Peckham, àmọ́ ẹ yẹ ìwé àṣẹ rẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ èdè yìí ṣe pàtàkì sí mi. "Sad" ni mo máa ń sọ fún ẹni àkọ́kọ́ yẹn. Ìgbà tí mo rí ẹni tó gbọ́ Yorùbá ni mo tó lè sọ pé ọgbẹ́ ọkàn ni, pé ó ti di èèpá, pé mo ń họ ọ́.

Ọkọ mi ní ọkùnrin kì í lọ sunkún fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ má wọ́ ọ lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ tiyín. Ọkọ mi rí i pé ariwo dínkù nílé, lọ́jọ́ kan ó béèrè pé kí ni mò ń kọ sínú ìwé yẹn. Òun náà ti ní tirẹ̀ báyìí. N kì í ṣí i wò.

Ó ń wù mí kí n sùn kí n má jí mọ́.

Ẹ má dá nìkan wà lálẹ́ òní. Ẹ sọ ọ́ fún ẹnìkan láàárín wákàtí yìí, lẹ́nu kedere: "Ó ń ṣe mí bíi kí n pa ara mi." Ẹ ní kí ẹni náà kó ohun tí ẹ lè fi ṣe ara yín léṣe kúrò nítòsí, kó sì bá yín lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ní ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín. Ní Nàìjíríà, 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì. Ní Britain, ẹ pe 999, tàbí Samaritans, àwọn tó ń tẹ́tí sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́, lórí 116 123, tọ̀sán-tòru, lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ẹ pe 988 tàbí kí ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ẹ ń bẹ̀rù fún, ẹ bi í tààrà. Bíbéèrè kì í gbin èrò náà sí i lọ́kàn. Ó sábà máa ń jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tó máa mí kanlẹ̀.

Ìgbà wo ni màá parí?

Irú èyí tí mo ṣe sábà máa ń gba ìjókòó 6 sí 20. Mo jókòó lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá, mo wá sinmi. Ìgbà tí ọdún ikú àbúrò mi tún yí po, mo rí i pé ìwé kékeré náà ti ń kún ní kíákíá, mo sì padà lọ. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni mo ń lọ báyìí. Ọmọ mi obìnrin ti pé 9. Ní Sátidé tó kọjá, ó sọ ọ̀bẹ ìgé-ata mi nù, ó wá bá mi ní kíṣìnì, ó dúró gbagidi níwájú mi, ó sì wo ojú mi bó ṣe ń sọ ọ́.